Ẹ Dá Ọkọ̀ Dúró Kí A Tó Sọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ dánfó láti Máìlì 12 wá sí Gáréèjì Ìkòròdú rí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ kí n tó sọ ọ́ délẹ̀. Ọkọ̀ ti ń sún mọ́ gáréèjì. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Gáréèjì wà?" Èrò mẹ́ta dáhùn pé, "Ó wà o!" Dẹ́rẹ́bà dín eré kù díẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ṣì ń yí. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ti fò sílẹ̀, ó ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń pariwo, "Ẹ máa bọ́, ẹ máa bọ́! Mọ̀mí, ẹ tètè gbé ẹsẹ̀!" Mọ̀mí tó ń bá wí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gbé àpò gààrí lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń wá ohun tó máa dì mú, kò sì rí nǹkan kan. Ó bọ́. Bí orí bá bá a ṣe é, ó fẹsẹ̀ kọ, ó sì dúró. Bí orí kò bá bá a ṣe é, àwa tó kù nínú ọkọ̀ á ké "Jéésù!" ọkọ̀ á sì máa lọ.

Mo ń sọ ọ́ gbangba pé ìwà ìkà ni. Kì í ṣe àṣà Èkó, kì í ṣe ọgbọ́n ojú pópó, kì í sì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá ní kí ènìyàn bọ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ ń ní kí ẹni náà já bọ́ láti ibi gíga, ilẹ̀ tí yóò sì gbà á kì í ṣe fùkẹ́, títì ọlọ́dà ni. Bí ó bá dà bíi pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Kò le.

Òòfà ilẹ̀ ló ń fa gbogbo ohun tó bá já bọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kan tí nǹkan bá fi ń já bọ̀, eré rẹ̀ á máa fi nǹkan bíi mítà 10 lé sí i. Ẹni tó bá já láti orí òrùlé tó ga ní mítà 5 kò ní lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lófuurufú, síbẹ̀ eré kìlómítà 36 láàárín wákàtí kan ni yóò fi gbá ilẹ̀. Ẹni tó sanra àti ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò yàtọ̀ sí ara wọn nínú èyí. Lọ́jọ́ kejì oṣù August ọdún 1971, David Scott dúró lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì ba ilẹ̀ pọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ara òun fúyẹ́.

Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Ọkọ̀ tó ń lọ ní eré kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, ìyẹn eré tí dẹ́rẹ́bà ń pè ní "mo ti rọra", eré rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó já láti ibi tó ga ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 30, gíga rẹ̀ di mítà 3 àbọ̀, ìyẹn bálíkónì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Bí ó bá jẹ́ 40, gíga rẹ̀ kọjá mítà 6, a ti dé bálíkónì àjà kejì nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà wo, bó ti wù kí orí rẹ̀ gbóná tó, ló lè dúró nísàlẹ̀ ilé kó sì máa ké sí ìyá oníyàá lórí bálíkónì pé, "Mọ̀mí, ẹ máa bẹ́ wá, ẹ tètè, ọkọ̀ wà lẹ́yìn mi"? Wọ́n á ní wèrè ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sídìí sitiarí tó sọ ohun kan náà, a ó wá owó kéékèèké wa, a ó sì bẹ́.

Ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì lè dá mi lóhùn pé ìṣubú láti òkè àti bíbọ́ nínú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, pé ẹni tó bọ́ nínú ọkọ̀ lè yí gbiri lórí títì kí eré náà tó tán díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, nígbà tí ẹni tó já láti òkè máa dúró gbà lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni, mo sì gbà. Bó bá jẹ́ orí pápá bọ́ọ̀lù ni gáréèjì wa wà, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní Gáréèjì Ìkòròdú, ibo lẹ fẹ́ yí gbiri sí? Ọ̀tún ni ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà sáré kọjá láàárín ọkọ̀ àti etí títì. Lẹ́yìn ni kòrópè mìíràn wà tó ń lé dánfó bí ẹni ń lé olè. Níwájú ni kọnkéré etí gọ́tà wà. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀ gan-an kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ yín ju ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Láti ọjọ́ kejì oṣù April ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ èrò sì ń kọjú sí etí títì kí èrò lè sọ̀ sí ibi tí kò léwu. Dẹ́rẹ́bà tó bá já èrò sílẹ̀ láàárín títì ti sọ gbogbo ètò náà di asán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara nígbà náà rèé. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀ ń sáré bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Isaac Newton ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1687 pé ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ bẹ́ẹ̀ títí tí nǹkan kan yóò fi dá a dúró. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún orí. Orí ń bá eré tirẹ̀ lọ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá bọ́ láìmọ bí a ṣe ń bọ́ fi máa ń fi orí tàbí ojú gbá ilẹ̀, kì í ṣe ìdí. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ mọ èyí nínú eegun rẹ̀ bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Newton rí: ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ó ti ara sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ó sì ti ń sáré. Ó dára fún un. Ọdún mélòó ló fi kọ́ ọ? Ẹ wo orúnkún àti ìgbápá àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà dáadáa, àpá ni ìwé ẹ̀rí wọn. Ó wá ń retí kí ìyá tó gbé àpò gààrí, tó wọ ìró tó sì wọ bàtà sílípáàsì, ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkọ́.

Ọ̀rọ̀ bíbọ́ láti òkè ní àwọn tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àti eré, ó sì yẹ kí a bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Mo ń sọ nípa àwọn tó ń fò jáde láti inú bàálù. Bàálù á gbé wọn lọ sí òkè tó tó 4,000 mítà, wọ́n á sì já ara wọn sílẹ̀. Eré wọn á máa pọ̀ sí i títí tí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara wọn sókè á fi lágbára tó ìwúwo ara wọn. Láti ibẹ̀ lọ eré náà kì í pọ̀ sí i mọ́, ó máa ń dúró sí nǹkan bíi kìlómítà 200 láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan wọ́n á ṣí páráṣúùtì, aṣọ ńlá náà á sì di afẹ́fẹ́ mú, eré náà á sì rọ̀. Bí a bá ní kí á wo ewu lójú, tiwọn dà bí ewu tó ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbé dání. Páráṣúùtì méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan, torí pé ọ̀kan lè kọ̀. Ní Amẹ́ríkà, èkejì yẹn, amọ̀ṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè dì í, láàárín ọjọ́ 180 sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un dì, yálà ẹnì kan lò ó tàbí kò lò ó. Aago kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn tó ń sọ bí wọ́n ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Láti ọdún 1991 ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CYPRES sì ti wà, iṣẹ́ ọwọ́ Helmut Cloth, ará Jámánì: bí ẹni tó ń já bọ̀ bá dákú tàbí tó gbàgbé, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́ jù, á sì ṣí páráṣúùtì kejì fún un. Ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kò ní fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ àfi tó bá ti fò ní ìgbà 25 lábẹ́ ojú àwọn olùkọ́.

Nǹkan tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti bíba ilẹ̀. Sójà tó bá fi páráṣúùtì rìbìtì ti àwọn ológun bọ́ máa ń ba ilẹ̀ ní eré nǹkan bíi mítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di ti ọkọ̀, kìlómítà 22 láàárín wákàtí kan ni. Eré dánfó tó ti "rọra" ní gáréèjì wa gan-an nìyẹn! Nítorí eré yìí, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ sójà wọn kó tó gba ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì ní bàálù nínú rárá. Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú: kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó fi àgbọ̀n kan àyà, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbà á láti ẹsẹ̀ sí ojúgun, sí itan, sí ìbàdí, sí ẹ̀yìn, kí eré náà lè pín káàkiri ara. Ọ̀dọ́kùnrin tó le bí irin ni, ó wọ bàtà gígùn, ó dé akoto. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá tiwa, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀ fún un, èébú ló sì fi kún un.

Pípín tí mo sọ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Bí ara tó ń sáré ní kìlómítà 30 bá dúró láàárín sẹ̀ntímítà 5 péré, agbára tó máa gbá a á tó ìlọ́po 70 ìwúwo rẹ̀. Bí ìdúró náà bá gùn tó ìlàjì mítà, á dín kù sí ìlọ́po 7. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgbẹ́ àti ikú kò ju ìyẹn lọ. Lóṣù March ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Nicholas Alkemade bẹ́ sílẹ̀ láìní páráṣúùtì láti inú bàálù tó ń jóná ní òkè tó ju 5,000 mítà lọ, kò sì kú. Bí a bá sọ ìtàn yìí nílé ọtí kan ní Ìkòròdú, kí ìtàn tó parí ni wọ́n á ti máa béèrè irú oògùn tó lò. Kò lo nǹkan kan. Ẹ̀ka igi páìnì ló kọ́kọ́ gbà á, yìnyín jíjinlẹ̀ ló sì gbà á ṣìkejì, àwọn méjèèjì rọra dá a dúró. Èmi ò mọ igi páìnì kankan ní Gáréèjì Ìkòròdú.

Mo ti mọ èsì tí àwọn kan ti gbé sẹ́nu. Wọ́n á ní àyànmọ́ ni. Wọ́n á ní ikú ogun ní ń pa akíkanjú, ikú odò ní ń pa òmùwẹ̀, kí wọ́n tó ti ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ẹ dákun, ẹ padà gbọ́ òwe náà dáadáa. Akíkanjú ló yàn láti lọ sógun. Òmùwẹ̀ ló fẹ́ràn omi. Ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà kò yan nǹkan kan, owó ọkọ̀ ló san kí wọ́n lè gbé e dé ibi tó ń lọ, owó náà sì pé. Òwe tí a fi ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú ni a wá sọ di ìwé ìdáláre fún ẹni tó fa ọ̀fọ̀.

Àwọn baba wa gan-an kò gbà pé ọ̀rọ̀ ṣíṣubú jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ẹ wọ inú oko láti Ìmọ̀tà títí lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ wá akọ̀pẹ tàbí adẹ́mu tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró ti ìdí ọ̀pẹ kí ẹ wo ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Kò ní gun ọ̀pẹ. Igbà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Á fi ọwọ́ wọ́ ọ láti orí dé ìdí, á fà á, á fi yí ọ̀pẹ ká, á so ó, á wá fi gbogbo ara fẹ̀yìn tì í nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bí fọ́nrán kan bá ti gbó lára rẹ̀, ọ̀pẹ yẹn di ti ọ̀la. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà á pẹ́ nídìí ọ̀pẹ kúkúrú kí ọ̀gá tó jẹ́ kó gun èyí tó ga. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ẹni tó ń tú páráṣúùtì rẹ̀ yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà? Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìwúre àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run ò sì dí i lọ́wọ́. Ta ló wá kọ́ wa ní ìlú ńlá pé àìbìkítà ni ìgbàgbọ́?

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé dẹ́rẹ́bà kò ní ìdí. Ó ní i. Owó ló ń lé e. Owó tó máa kó lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní dín torí pé gosiló pọ̀. Epo wọ́n. Bí ó bá sì dá ọkọ̀ dúró pátápátá ní bọ́sítọ́ọ̀pù, àgbèrò á ti gun ẹnu ilẹ̀kùn, á ti na ọwọ́. Lóṣù February ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé owó kan ṣoṣo, 800 náírà lójúmọ́, ni kí ọkọ̀ èrò máa san dípò owó jáńjàn-jáńjàn. Nígbà tó máa fi di ìparí October ọdún kan náà, àwọn awakọ̀ kan ti da iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, owó gbígbà ojú pópó kò dáwọ́ dúró. Àwọn LASTMA náà wà, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń mú ẹni tó bá dúró níbi tí kò yẹ. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ ni ọgbọ́n dẹ́rẹ́bà: àgbèrò kò rí i gùn, LASTMA kò lè ní ó dúró. Gbogbo wàhálà tó wà láàárín òun àti àgbèrò àti ọlọ́kọ̀ àti ìjọba, orí orúnkún ìyá arúgbó ló ń tú u sí. Ohun tí mo kórìíra nìyẹn. Ẹni tó lágbára kéré jù lọ nínú ọkọ̀ ni gbogbo wọn jọ gbé ẹrù lé lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa èrò. Ẹ jẹ́ kí n bá wa wí díẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá dá ọkọ̀ dúró pátápátá kí ìyá kan lè rọra sọ̀, ta ló máa kọ́kọ́ pòṣé? Àwa ni. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, a ti pẹ́." A máa ń fi ẹnu ara wa pe ìyá náà ní onísùúrù ènìyàn bí ẹni pé èébú ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti sọ ọ́ di eré ìdárayá: ẹni tí kò bá lè bọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ará oko ni. Láyé ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà, orúkọ ọkọ̀ gan-an ní kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n jà. Mólúè tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í tì. Dánfó jogún àṣà náà. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara wa pé bí ọkọ̀ ṣe ń rí nìyẹn.

Irọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní ojú títì kan náà. Láti oṣù March ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Máìlì 12 sí CMS, ní November 2015 sì ni wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Títì kan náà ni. Ènìyàn Èkó kan náà ló ń wà á, àwa kan náà là ń wọ̀ ọ́, gosiló kan náà ń dè é. Bọ́ọ̀sì náà á dé ibùdókọ̀, á dúró, ilẹ̀kùn á ṣí, a ó sọ̀, ilẹ̀kùn á tì, kó tó lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé oyinbo ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlà rẹ̀ gùn láàárọ̀, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì náà kò tó, mo sì mọ̀ pé kì í dé ọ̀nà Ìjẹdẹ̀ tàbí Ìgbógbó. Dánfó la nílò fún ìyẹn, a ó sì nílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún lè sọ fún mi pé ọkọ̀ kò lè dúró ní Èkó.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń fò láti inú bàálù fi jù wá lọ ni pé wọ́n ń ka òkú wọn. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ń tẹ iye ẹni tó kú jáde, pẹ̀lú ohun tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni yìí pẹ́ kó tó ṣí páráṣúùtì, ẹni yẹn yí kọ́rọ́ nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ jù. Ní ọdún 2023, ènìyàn 10 ló kú nínú fífò tó lé ní mílíọ̀nù 3. Kì í ṣe orí ire ló bí iye kékeré yẹn. Nígbà tí André-Jacques Garnerin fi páráṣúùtì bọ́ láti inú bàlúùnù ní Paris lóṣù October ọdún 1797, aṣọ rẹ̀ ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni wà lórí okùn jangirọ́fà, torí pé kò sí ihò lókè tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde. Wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n dá ihò lu lókè páráṣúùtì. Àti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣubú lásán. Tiwa ńkọ́? Ẹni tó bọ́ ní gáréèjì tó fọ́ eegun ìbàdí, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀gún, wọ́n á sọ fún aládùúgbò pé "Màmá ṣubú". Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí dẹ́rẹ́bà nínú gbólóhùn yẹn, kò sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀, kò sí eré ọkọ̀. Màmá ló ṣubú, bí ẹni pé inú yàrá rẹ̀ ló wà.

Èdè gan-an ti bá wọn dì í. Mo ní kí a yí i padà. Wọ́n já Màmá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ: kí a máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, kí a máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní tẹ́ṣọ̀n, kí a máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́ ọn.

Òfin ìrìnnà ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012, èyí tí gbogbo wa rántí torí pé ó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, kì í ṣe torí ọ̀kadà nìkan ni a nílò irú rẹ̀. Bí agbára bá wà láti gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ọlọ́kadà lójú títì, agbára wà láti dúró ní Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì mú dẹ́rẹ́bà tí táyà rẹ̀ ń yí nígbà tí èrò ń sọ̀. Ìyẹn rọrùn láti rí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń wá kiri lọ. Ìjọba Èkó ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní LASDRI. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ilẹ̀kùn dánfó mú mọ́ láìgba ibẹ̀ kọjá, torí ọwọ́ kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ni ẹ̀mí èrò wà ní àkókò sísọ̀, kì í ṣe ọwọ́ dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà kò rí ẹ̀yìn. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ló ń sọ fún un pé "Máa lọ!"

Àwa èrò náà ní ohun ìjà kan tí a kò lò rí. Nígbà tó bá béèrè pé, "Gáréèjì wà?" kí a má ṣe dáhùn "Ó wà o" nìkan. Kí a ní, "Ó wà, ẹ dúró pátápátá." Kí àwa tí a kì í sọ̀ níbẹ̀ bá ẹni tó ń sọ̀ sọ ọ́. Bí dẹ́rẹ́bà kò bá dúró, kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ọkọ̀ tó kún fún èrò tí kò dìde kò lè já ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó lè gbé wa kọjá díẹ̀, a ó rìn padà, kò burú. Èmi ti rí i tí ọkùnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ògólóńtò. Ó jókòó, ó ní, "Tóo bá dúró, màá sọ̀." Wọ́n bú u, wọ́n pè é ní àjèjì, àwa kan nínú ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ láti orí àga nínú pálọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso gáréèjì, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀ fún. Ẹ mọ gbogbo ọkọ̀ tó ń wọ ibẹ̀, ẹ mọ nọ́ńbà wọn, ẹ mọ ẹni tó jẹ yín lówó àti ẹni tí kò jẹ yín. Kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè sá fún yín bí ẹ bá fẹ́ mú un. Ẹ fa ìlà funfun sí etí títì, ní ibi tí ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè tò sí láìdí ọ̀nà, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá dúró lórí ìlà náà láti já èrò sílẹ̀. Ọ̀dà funfun garawa kan kò wọ́n kọjá agbára yín. Lóṣù February ọdún 2022, 800 náírà ni wọ́n kéde pé kó máa wọlé lójúmọ́ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.